Àwẹ̀ró àti Omi Inú Òkè Olójúméjì

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ènìyàn mi tí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá tì mí. Ẹni tí ó bá ń tòògbé kí ó lọ fi omi bọ́jú, ẹni tí ó bá ní ọbẹ̀ lórí iná kí ó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ mú yín gun òkè kan tí òjò ń rọ̀ sí ní apá kan láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àìkú, tí eruku sì ń sọ lálá ní apá kejì láti ọdún dé ọdún. Ẹ ó rí ẹ̀ṣọ́ tí ìdajì ara rẹ̀ tutù tí ìdajì gbẹ, ẹ ó rí ẹbọra tí eruku ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ó bá rẹ́rìn-ín, ẹ ó sì rí obìnrin kan tí ó wádìí ọ̀ràn kan títí tí ó fi bá ọwọ́ ara rẹ̀ ní ìdí rẹ̀. Ẹ má bi mí bóyá ojú mi ni mo fi rí i, ẹ ṣáà máa gbọ́.

Ní ẹsẹ̀ Òkè Olójúméjì, ọba òkúta, a-fẹ̀yìn-gbòjò-fojú-gboòrùn, òkè tí ìkùukùu fi ṣe àpótí ìjókòó, ìlú kan wà ní apá tí ó gbẹ tí à ń pè ní Ìlámọ̀. Ìkòkò mímọ ni iṣẹ́ wọn, ọmọ a gbà á lọ́wọ́ ìyá, ọmọ-ọmọ a gbà á lọ́wọ́ ọmọ. Nínú ìlú yìí ni Àwẹ̀ró ń gbé, obìnrin tí ó ti lé ní ogójì ọdún, tí ó ga, tí ó dúdú, tí ọwọ́ rẹ̀ yá níṣẹ́, ṣùgbọ́n tí ọ̀fíntótó rẹ̀ tún yá ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Bí àwọn amọ̀kòkò bá sun ìkòkò tán, wọn a fi ìka kàn án kó-kó-kó, wọn a tẹ́tí, kí wọ́n lè mọ èyí tí ó pé àti èyí tí ó sán lára. Ti Àwẹ̀ró kò mọ sórí ìkòkò. Ó máa ń kan ilẹ̀kùn, ó máa ń kan igi, ó máa ń kan òkúta ojú ọ̀nà, ó tilẹ̀ kan orí pípá Baálẹ̀ lọ́jọ́ kan tí bàbá náà sùn lọ ní ìpàdé, ó ní òun kàn fẹ́ gbọ́ bí ó ṣe ń dún ni. Wọ́n bá a wí, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì fi í sílẹ̀.

Ní àkókò tí mo ń wí yìí, òjò ti kọ Ìlámọ̀ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta gbáko. Kànga ìlú di ibi tí alángbá ń yé ẹyin sí, ewúrẹ́ ń lá ògiri, àwọn abiyamọ sì ń jí ní kùtùkùtù láti fi aṣọ gbá ìrì lára koríko. Àwọn àgbà ìlú jókòó, wọ́n ní àwọn ará ẹ̀yìn òkè ni ó so òjò mọ́lẹ̀, nítorí ojoojúmọ́ ni gbogbo ènìyàn ń rí i tí ó ń ṣú dúdú ní orí òkè lọ́hùn-ún tí kì í sì í sọ̀kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Baálẹ̀ Ọláníhún wá pàṣẹ pé ní ọjọ́ keje, gbogbo ìlú yóò kó lọ sí etí odò kan tí ó jìn ní ìrìn ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó ní omi tí ó kù kò tó nǹkan, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ru ẹnikẹ́ni; ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá lè gbé e, ilé ni kí ó dúró sí. Gbogbo ìlú ló mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Ìyá Àwẹ̀ró, ẹni tí ó ti ṣe olórí àwọn amọ̀kòkò fún ogójì ọdún, kò lè dìde dúró mọ́ láti bí ọdún méjì, ìdí ni ó fi ń wọ́ nílé.

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. Ó ní, “Ìyá mi, mo fẹ́ gun òkè lọ. Mo fẹ́ mọ ẹni tí ó di òjò wa mú, kí n bẹ̀ ẹ́ kí ó tú u sílẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, kò sí ẹni tí yóò kó lọ mọ́, kò sì sí ẹni tí yóò fi yín sílẹ̀.”

Ìyá arúgbó ní, “Máa lọ, ọmọ mi, n kò lè dá ẹsẹ̀ rẹ dúró láti kékeré, n kò ní bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ keje bá kọjá kí o tó dé, ipa ẹsẹ̀ wọn ni kí o tẹ̀ lé. Má yà sílé wá wò mí.” Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí dun Àwẹ̀ró dé egungun, ó sì bọ́ sọ́nà.

Ẹ̀yin ará, igbó orí òkè náà kì í ṣe igbó tí ènìyàn ń wọ̀ bí ó ṣe wù ú. Láyé àwọn baba ńlá ni gbogbo ìlú tí ó yí i ká ti fohùn ṣọ̀kan pé a kò gbọdọ̀ pa ẹran ibẹ̀, a kò gbọdọ̀ gé igi ibẹ̀, kí àwọn ọmọ tí a kò tíì bí lè máa rí bí ayé ṣe rí kí àdá tó dé. Wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni Akínrògún, bàbá tí ó ti ṣọ́ apá méjèèjì òkè náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ara rẹ̀ fi pín sí méjì. Èjìká rẹ̀ ọ̀tún tutù, ewé wẹ́wẹ́ hù lé e, ìgbín méjì ń rìn lórí rẹ̀. Èjìká òsì gbẹ, ó funfun, eruku ń já bọ́ lára rẹ̀ bí ó bá mí. Ojú ọ̀tún rẹ̀ ń ṣomi, ti òsì kì í ṣẹ́jú.

Ó ní, “Kí lo wá mú?”

Àwẹ̀ró ní, “N kò wá mú nǹkan kan, bàbá. Ìbéèrè ni mo wá bi.”

Ẹ̀ṣọ́ náà ní, “Ìbéèrè kò ní òfin, gbé e wọlé. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi dáadáa. Ojú rẹ lè rí, etí rẹ lè gbọ́, o lè mu, o lè jẹ èso tí ó bá já bọ́. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí ọwọ́ rẹ bá fẹ́ gbé jáde, ìbáà ṣe ewé kan, ìbáà ṣe ẹ̀kán omi kan, òkè yóò bá ọ du ún.” Àwẹ̀ró dúpẹ́, ó wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ kì í lè lọ sí oko olóko kí ẹ má já nǹkan bọ àpò, ẹ gbọ́ òfin náà o, mo mọ̀ yín.

Apá gbígbẹ ni ó kọ́kọ́ gùn. Oòrùn ibẹ̀ kò mọ̀ ọ́n ṣe díẹ̀díẹ̀. Òkúta ń gbóná títí ó fi ń ké, koríko ń dún wìnrìnwìnrìn bí atẹ́gùn bá kàn án, àwọn alángbá sì ń gbé ẹsẹ̀ sókè ní méjì méjì kí ilẹ̀ má baà jó wọn. Àwọn igi oṣè tí ikùn wọn yọ dúró káàkiri, omi ni wọ́n tọ́jú sínú, wọ́n sì ń fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn kí oòrùn má baà gbọ́. Àwẹ̀ró kò lè mú un mọ́ra. Ó sún mọ́ ọ̀kan, ó fi ìka kàn án kó-kó-kó. Oṣè náà wúkọ́, ó ní, “Ta ni o?” Ṣé ẹ rò pé obìnrin yìí sá? Ó kí i ni, ó bi í léèrè ọjọ́ orí rẹ̀, ó sì jókòó gbọ́ ìdáhùn, èyí tí ó gba ìdajì ọjọ́ nítorí oṣè náà kò yára ka ọdún.

Ní ọjọ́ kejì ó dé ààfin Gbígbẹ-ò-pa-mí, ẹbọra tí ó ni apá náà, aláwọ̀ eérú, ọ̀gá ọyẹ́, a-mí-kí-ewé-ó-wọ́. Ó ga tó igi àgbọn méjì, fífẹ̀ rẹ̀ kò sì ju okùn lọ, inú òjìji ara rẹ̀ ni ó jókòó sí nítorí kò sí òmíràn. Ó sọ fún Àwẹ̀ró pé, “Gbogbo ará ìlú rẹ ló máa ń sọ pé kò sí ohun tí ó wà láàyè níhìn-ín. Bí ìwọ náà bá rò bẹ́ẹ̀, ibí ni ìrìn rẹ ti parí. Kí lo rí lọ́nà?”

Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. Ó ní òun rí oṣè, òun rí igi emi tí ó so, òun rí àparò tí ó fi ẹyin pamọ́ sábẹ́ òkúta, òun rí èkìrì mẹ́ta lórí àpáta tí ewúrẹ́ ilé kò lè dúró lé, òun rí kòkòrò kan tí ó da orí kodò ní òwúrọ̀ kí ìrì lè ṣàn lọ sí ẹnu rẹ̀, òun sì rí òdòdó pupa kan tí kò tóbi ju èékánná lọ. Ó kà á dé mọ́kànlélógún. Inú ẹbọra náà dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó gbàgbé láti ba ènìyàn lẹ́rù.

Àwẹ̀ró ní, “Bàbá, ta ló jí òjò wa?”

Gbígbẹ-ò-pa-mí bú sẹ́rìn-ín, eruku bo gbogbo ààfin. Ó ní, “A kò fún mi ní òjò rí, báwo ni ẹnikẹ́ni yóò ṣe jí i lọ́dọ̀ mi? Afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé òjò kiri. Láti ẹ̀yìn òkè ló ti ń bọ̀, kí ó sì tó gùn ún dé ibí, ó ti da gbogbo ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Lọ bi ẹni tí ó ń kọ́kọ́ pàdé rẹ̀.”

Nígbà tí Àwẹ̀ró dé góńgó òkè ní ọjọ́ kẹta, ó rí ohun tí kò rí rí. Ààlà ni, ó hàn gbangba. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé àpáta gbígbóná, ó ti ẹsẹ̀ òsì bọ inú ẹrọ̀fọ̀ tútù. Èjìká kan ń gba oòrùn, òjò ń lu èkejì. Ó fò sí ìhín, ó fò sí ọ̀hún, ó tún padà, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ni ó rántí ìyá rẹ̀ tí ó jókòó sílé láìsí omi, ojú tì í, ó sì sọ̀kalẹ̀ sí apá tútù.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí mo bá ní kí n sọ gbogbo ohun tí ó wà ní apá tútù, a ó sùn síbí. Oríṣi òjò méje ló ń rọ̀ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan ń wìn wẹ́wẹ́, ọ̀kan ń ya bí ẹni da garawa, ọ̀kan tilẹ̀ wà tí ó ń ti ilẹ̀ rọ̀ lọ sókè. Àwọn igi wọ aṣọ ewé lé aṣọ ewé, olú hù lára wọn, ìgbín ibẹ̀ tóbi tó àpótí ìdáná, àwọn edun sì jókòó lórí ẹ̀ka, wọ́n ká ọwọ́ gbera, wọ́n ń wo òjò bí ẹni tí ó ti sú. Láàárín kùrukùru ni Ìyá Ọlọ́rinrin jókòó sí, olówó ìkún-omi, a-sín-kí-odò-kún, ó ń sín, ó ń nu imú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni okùn tí ó sá ìró rẹ̀ kan sí wà. Ó ti tó àádọ́rùn-ún ọdún tí ó ti fọ ìró náà, kò tíì gbẹ.

Bí ó ti rí eruku lẹ́sẹ̀ Àwẹ̀ró, ó fi ìbínú dìde. “Ará apá gbígbẹ! Ẹ jí oòrùn wa lọ, àgbàdo wa ń jẹrà lóko, ẹní wa ti bu, àwọn ọmọ wa ń wúkọ́, ẹ tún wá rán ènìyàn wá wò wá!”

Ẹnu ya Àwẹ̀ró. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Nílùú tiwa, wọ́n ní àwọn ará ìhín ló jí òjò wa.”

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ìyá Ọlọ́rinrin ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, Àwẹ̀ró tẹ̀ lé e, wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn edun fi sọ̀kalẹ̀ wá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹ wo bí ọmọ ènìyàn ti rí! Ìlú méjì, òkè kan ṣoṣo ni ó wà láàárín wọn, ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n sì ti fi ń pe ara wọn lólè láìjẹ́ pé ẹnì kan gun òkè náà lọ béèrè.

Ìyá Ọlọ́rinrin ní, “Èmi kò di omi mú, ọmọ mi. Bí afẹ́fẹ́ bá ti dà á sílẹ̀, òkè ló ń mu ún. Bi òkè pé níbo ló ń gbé e sí.”

Kí ni amọ̀kòkò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ? Àwẹ̀ró sún mọ́ àpáta ńlá kan, ó fi ìka kàn án kó-kó-kó, ó sì gbé etí lé e. Ìkòkò tí ó ṣófo ní ohùn tirẹ̀, èyí tí ó kún náà ní tirẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò ṣi èyí mú fún ọmọ Ìlámọ̀. Òkè náà kún. Omi wà nínú rẹ̀, ó ń rìn, ó ń gba abẹ́ lọ sí apá gbígbẹ, ó ń lọ tààrà sí ìhà Ìlámọ̀, nígbà tí ó sì dé òpin, ó ń dún bí ẹni tí a fi ọwọ́ dí lẹ́nu.

“Ìyá, nǹkan kan dí i lọ́nà.”

“Èmi kọ́ ló dí i,” ni Ìyá Ọlọ́rinrin wí. “Ẹbọra apá gbígbẹ lọ́hùn-ún kò sì ní ohun tútù kan lọ́wọ́ tí ó lè fi dí nǹkan. Ta ló kù?”

 Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó wá sọ́kàn Àwẹ̀ró fún yín. Ní Ìlámọ̀, ẹsẹ̀ òkè gan-an ni kòtò amọ̀ wọn wà, lára ògiri kòtò náà sì ni ihò kan wà tí wọ́n ń pè ní Ojú-Ẹkún, nítorí láyé àtijọ́ omi máa ń sun jáde níbẹ̀. Omi sì ni ọ̀tá kòtò amọ̀, ó ń sọ amọ̀ gidi di ẹrọ̀fọ̀. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin bá wọ ẹgbẹ́ amọ̀kòkò, wọn a fún un ní ìṣù amọ̀ kan, yóò kúnlẹ̀, yóò tì í bọ Ojú-Ẹkún, yóò fi àtàǹpàkò tẹ àmì tirẹ̀ sí i lára, ijó á sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyá ìyá wọn ṣe é títí omi kò fi sun mọ́, àwọn ọmọ ń ṣe é lọ nítorí àwọn ìyá ṣe é. Nígbà tí òjò ṣì ń ṣèèṣì rọ̀ ní Ìlámọ̀, kò sí ẹni tí ó rántí pé omi kan wà lẹ́yìn ihò náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Àwẹ̀ró nígbà tí ó ti ìṣù tirẹ̀ bọ ibẹ̀, ìyá rẹ̀ ló di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Inú rẹ̀ bàjẹ́, ojú tì í, ó wo àtàǹpàkò rẹ̀ bí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ayọ̀ kan gbé e sọ, nítorí ó ti mọ ibi tí omi wà, ọjọ́ mẹ́ta sì ṣì kù. Ó dìde, ó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó kúrò, ó rántí bí ètè ìyá rẹ̀ ti là, ó sì rọ omi kún akèrègbè rẹ̀, ó ní omi kékeré yìí kọ́ ni yóò sọ òkè di aláìní. Bí ó ti kọjá góńgó òkè ni akèrègbè bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Ó gbé e lórí, ó gbé e léjìká, ó gbá a mọ́ àyà, nígbà tí ó yá ó ń wọ́ ọ nílẹ̀, òkè ń fà á padà, òun náà ń fà á bọ̀, odidi ọjọ́ kan lọ báyìí. Níkẹyìn ó jókòó sẹ́bàá oṣè tí ó ti bá sọ̀rọ̀, ó sunkún kíkorò, ó sì da omi náà sí gbòǹgbò rẹ̀. Oṣè náà ní, “O ṣé o.” Àwẹ̀ró ki eré mọ́lẹ̀.

Ó jáde lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ ní ọwọ́ òfo. Nígbà tí ó dé Ìlámọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ keje, ẹrù ti wà lórí gbogbo ènìyàn, ẹni iwájú ti ń jáde ní ẹnubodè, ìyá rẹ̀ sì jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé, ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà kí ó má baà rí wọn bí wọ́n ṣe ń lọ. Àwẹ̀ró ké, “Ẹ dúró! Omi wà nínú òkè! Àwa fúnra wa la dí i! Ẹ jẹ́ ká lọ ṣí Ojú-Ẹkún!”

Ariwo sọ. Àwọn amọ̀kòkò ní ó ti ya wèrè. Baálẹ̀ Ọláníhún sọ ẹrù kalẹ̀, ó ní, “Àwẹ̀ró, kòtò yẹn ni oko wa. Bí omi bá wọ̀ ọ́, amọ̀ ti bàjẹ́ títí láé. Bí a bá kó lọ, àwọn ọmọ wa lè padà wá bá a. Ta ló fún ọ láṣẹ láti pa iṣẹ́ ìyá rẹ?”

Ìyá arúgbó yíjú padà. Ó ní, “Ọmọ mi, ṣé o gbọ́ omi náà?”

“Mo gbọ́ ọ, ìyá mi. Etí mi ni mo fi gbọ́ ọ.”

“Pọ̀n mí.”

Baálẹ̀ ti ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ru ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀, ó gbé ìyá rẹ̀ sẹ́yìn, ó fi ọ̀já gbà á bí ọmọ ọwọ́, ó sì pọ̀n ọ́n lọ sí kòtò amọ̀ lójú gbogbo ìlú. Wọ́n tẹ̀ lé wọn, àwọn kan láti bínú, àwọn kan láti wòran. Ìyá arúgbó jókòó síwájú Ojú-Ẹkún, ó gba ọkọ́ kékeré kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́. Ìṣù àkọ́kọ́ jáde, ó ti le, àmì àtàǹpàkò ṣì wà lára rẹ̀. Ó wò ó, ó ní, “Ti Àyìnkẹ́ nìyí.” Àyìnkẹ́ sọ ẹrù kalẹ̀, ó wá gbà á. “Ti Mọ́rẹ̀ẹ́wù nìyí. Ti Àbùlẹ̀ nìyí.” Kò ṣi ọ̀kan mú, òun ló di ọwọ́ gbogbo wọn mú lọ́jọ́ tí wọ́n wọ ẹgbẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń bọ́ síwájú, ìbínú ti kúrò lójú wọn, wọ́n di ìṣù wọn mú láìmọ ohun tí wọn yóò fi ṣe. Ti Àwẹ̀ró jáde. Ti ìyá arúgbó fúnra rẹ̀ jáde, ó kéré, ó sì gbé e lé itan rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni àwọn tí ẹnikẹ́ni tí ó wà láàyè kò mọ̀ mọ́, ti ìyá ìyá ìyá wọn, jáde, amọ̀ náà sì ń tutù sí i bí wọ́n ti ń gbẹ́ lọ. Baálẹ̀ bọ́ agbádá, ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ ìyá arúgbó, ó sì ń gbẹ́ lọ.

Omi yọ ní kíún, ó dúró, bí ẹni tí kò gbà pé ọ̀nà ti là. Lẹ́yìn náà ó tú jáde, ó gbé Baálẹ̀ ṣubú, ó kún kòtò, ó ń ru, ó ń pọ́n. Àwọn ènìyàn ń ké, wọ́n ń mu, wọ́n ń bù ú sí orí ọmọ wọn. Kí oòrùn tó dé àtàrí, kòtò amọ̀ Ìlámọ̀ ti di adágún, kò sì sí amọ̀ mọ́. Àwẹ̀ró bu omi fún ìyá rẹ̀, ìyá arúgbó mu ún, ó mu ún, ó mí kanlẹ̀. Ó gbé ìṣù kékeré orí itan rẹ̀, èyí tí ó tẹ̀ nígbà tí ó wà lọ́mọdé, ó tì í bọ inú omi, ó sì dì í mú síbẹ̀ títí ó fi yọ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò sí ẹni tí ó kó lọ lọ́jọ́ náà, ìyá arúgbó sì lo ọdún mẹ́rin sí i láyé lẹ́bàá adágún náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ kò fara sin. Kí ẹ tó sọ pé ẹnì kan lẹ́yìn òkè ló gba ohun tí ó jẹ́ tiyín, ẹ kọ́kọ́ lọ wo ohun tí ẹ fi ọwọ́ ara yín dí, pàápàá èyí tí ẹ ń jó yí ká tí ẹ ń pè ní àṣà. N kò ní kí ẹ ju àṣà nù o. Mo ní kí ẹ bi í léèrè ohun tí ó wà fún, bí ó bá sì ń pa ìyá yín, ẹ má dúró de ẹni tí yóò fún yín láṣẹ. Ọ̀fun mi ti gbẹ báyìí. Kí ẹnì kan bu omi fún mi, kí olúkúlùkù sì máa lọ sílé rẹ̀ ní àlàáfíà.